Ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ sí ilé-iṣẹ́ aṣọ ní Kàdúná: kí ni àwọn ọmọ yóò rí níbi tí ẹ̀rọ ti dákẹ́?

Olùkọ́ Kubwa béèrè:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ènìyàn wa. Olùkọ́ ìtàn ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Kubwa, nínú Àbújá. Àwọn ọmọ JSS 2 ni mò ń kọ́, méjìlélógójì ni wọ́n, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá tí a bí sí ìlú yìí, tí wọn kò rí òfì rí àfi nínú fídíò. Ní sáà tó kọjá, mo kọ́ wọn bí iṣẹ́ ẹ̀rọ ṣe dé ilẹ̀ Àríwá, mo sì mẹ́nu ba Kaduna Textiles, ilé-iṣẹ́ aṣọ tí ìjọba Ẹkùn Àríwá àti ilé-iṣẹ́ David Whitehead ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ dá sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ ní ọdún 1957. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, "Sà, ṣé a lè lọ wò ó?" Mo ní a lè lọ. Ẹnu mi ló yá ju ọpọlọ mi lọ.

Ilé-iṣẹ́ náà ti kógbá sílé láti ọdún 2002. Nígbà tí mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wa àgbà, màmá náà gbọ́ mi dé òpin, wọ́n wá béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn òbí pé owó wọn rà, bí mo bá kó ọmọ méjìlélógójì lọ wo ògiri àti géètì tí wọ́n ti pa. N kò rí èsì fún wọn. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Kàdúná, ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ ohun kan wà níbẹ̀ tí ọmọ ọdún méjìlá lè fojú rí, kó sì yé e? Kí ló yẹ kí n kọ́ wọn kí a tó kúrò nílé? Àbí kí n kúkú wá ibòmíràn tí iṣẹ́ aṣọ ti ń lọ lọ́wọ́, kí n sì bẹ ọmọ náà pé kó forí jì mí?

Ọmọ Kakuri fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́, Olùkọ́. Kakuri ni wọ́n bí mi sí, ní apá gúúsù odò Kàdúná, níbi tí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ wọ̀nyẹn kóra jọ sí. Bàbá mi fi ọdún mọ́kànlélógún hun aṣọ ní ọ̀kan nínú wọn. N kò ní dárúkọ èyí tí í ṣe, nítorí owó ìfẹ̀yìntì wọn ṣì wà lọ́rùn ilé-iṣẹ́ náà títí di òní, n kò sì fẹ́ sọ ìbéèrè yín di ilé ẹjọ́.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ni bàbá mi, ọmọ ahunṣọ tí bàbá tirẹ̀ náà jẹ́ ahunṣọ. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n mú àwọn wọ inú gbọ̀ngàn ìhunṣọ, ohun tí ojú àwọn kọ́kọ́ wá ni ẹsẹ̀ ẹni tí ń tẹ òfì náà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀rọ, kò sí ẹsẹ̀. Ọ̀kọ̀, igi tí ń gbé òwú gba àárín òfì kọjá, ń ti ọ̀tún lọ sí òsì, ó ń ti òsì padà sí ọ̀tún, kò sí ọwọ́ tó ń jù ú, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gá tí ń kọ́ wọn níṣẹ́ fi ń sọ̀rọ̀ tí wọn kò gbọ́ nǹkan kan. Kò pẹ́ tí àwọn náà fi kọ́ bí a ṣe ń wo ètè ẹni mọ ohun tó ń wí. Títí di òní, bí bàbá mi bá ń bá ẹni tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wọn sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ẹni tó wà ní òdìkejì odò ni wọ́n ń pè.

Ṣíìfù mẹ́ta ló wà: ti àárọ̀, ti ọ̀sán àti ti òru. Fèrè ilé-iṣẹ́ ni aago àdúgbò wa. Màmá mi kì í wo ògiri kí wọ́n tó gbé omi ẹ̀bà kaná. Bí fèrè aago méjì bá dún, wọ́n mọ̀ pé bàbá ti ń bọ̀. Bí wọ́n bá sì dé, ẹ̀gbọ̀n òwú á ti bo irun orí wọn, á bo ìpéǹpéjú, bí ẹni tó hewú láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Èmi ni mo máa ń fi ìgbálẹ̀ kékeré gbọ́n ọn kúrò lára ṣẹ́ẹ̀tì wọn lójúlé kí wọ́n tó wọlé.

Nítorí náà, ẹ sọ fún ọ̀gá yín pé kì í ṣe ògiri nìkan ló kù. Ẹ kó àwọn ọmọ dúró sí ibi tí wọ́n ti lè rí odò, kí ẹ fi ojú irin hàn wọ́n, kí ẹ tó wá fi ilé-iṣẹ́ hàn wọ́n. Ẹ bi wọ́n pé kí ló dé tó jẹ́ pé ibí yìí ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ẹ kó wọn gba inú àdúgbò kọjá, kí wọ́n rí bí ilé ṣe fún pọ̀ yí ilé-iṣẹ́ ká, kí wọ́n sì gbọ́ iye èdè tí wọ́n ń sọ lójú pópó kan ṣoṣo, nítorí gbogbo ilẹ̀ Nàìjíríà ni òwú fà wá síbẹ̀. Ní ti inú ọgbà, ẹ kọ̀wé gba àṣẹ ṣáájú, kí ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì tó bá ní kí ẹ mú nǹkan wá kí òun ṣí i.

Bàbá Sabon Gari fèsì:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín láti Kánò, níbi tí mo ti lo ohun tó lé ní ogójì ọdún. Tíṣà, ọmọ mi, kò burú láti mú ọmọ lọ wo ibi tí iṣẹ́ kú sí, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ rí ibi tí iṣẹ́ kò tíì kú. Ẹ kó wọn wá sí Kofar Mata. Àwọn kòtò aró wà níbẹ̀ tí wọ́n ní wọ́n ti wà láti ọdún 1498, àwọn kan nínú wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ń rẹ aṣọ níbẹ̀ yóò sì sọ fún yín pé ọwọ́ bàbá òun ni òun ti gbà á.

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọbìnrin yín wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa: ọkùnrin ni gbogbo àwọn aláró Kofar Mata. Nílẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ obìnrin ni aró, Ìyá Mapó, òrìṣà iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin, ló ni ín, ìkòkò la sì fi ń rẹ ẹ́, kì í ṣe kòtò. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rí ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tí apá rẹ̀ dú dé ìgúnpá, ẹnu mi sì kọ́kọ́ fẹ́ kí i pé "Àrẹ̀dú o" bí a ṣe ń kí àwọn ìyá wa. Ohun tí wọ́n ń pò kò kúkú jìnnà sí tiwa: ẹlú, eérú àti kán-ún, tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀ títí yóò fi kan. Bí wọ́n bá ń fa aṣọ jáde, kí àwọn ọmọ sún mọ́ ọn, kí wọ́n má ṣẹ́jú. Àwọ̀ ewé ni aṣọ náà máa kọ́kọ́ gbé jáde. Afẹ́fẹ́ ni í sọ ọ́ di aró lójú yín. Lẹ́yìn tó bá gbẹ, àwọn kan wà tí iṣẹ́ tiwọn ni láti fi kùmọ̀ igi lù ú títí yóò fi máa dán.

Heinrich Barth, arìnrìn-àjò ọmọ Jámánì, dé Kánò ní ọdún 1851, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé aṣọ ìlú náà ń dé Timbuktu, ó ń dé Tripoli. Ẹ wá fi ìyẹn wé ohun tí òyìnbó ń wá lẹ́yìn náà. Wọ́n dá British Cotton Growing Association sílẹ̀ ní ọdún 1902 kí òwú ilẹ̀ yìí lè máa lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ Lancashire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń retí pé òwú ni ojú irin tó dé Kánò ní ọdún 1911 yóò máa kó. Àwọn àgbẹ̀ Kánò ṣírò owó wọn, wọ́n rí i pé ẹ̀pà ló lérè jù, wọ́n gbin ẹ̀pà. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá rántí rẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Òwú fèsì:

Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀. Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ni mo ti kọ́ nípa iṣẹ́ aṣọ, mo sì ṣiṣẹ́ díẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìrànwú kí nǹkan tó dojú rú. Kofar Mata dára, ṣùgbọ́n láti Kubwa, àwọn ọmọ náà ní láti sùn lọ́nà kí wọ́n tó débẹ̀ kí wọ́n sì padà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìbéèrè tí ọmọbìnrin yẹn béèrè kì í ṣe ti aró. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan dìde lójijì, ó gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn síṣẹ́, kò sì tó àádọ́ta ọdún tó fi dákẹ́. Bó ṣe jẹ́ gan-an ló yẹ kí ó lọ wò.

Olùkọ́, ẹ má kó wọn lọ láì jẹ́ pé ọwọ́ wọn ti kan òwú. Ẹ wá òwú tí kóró ṣì wà nínú rẹ̀, kí ẹ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀kúnwọ́ kan. Kí wọ́n fi ọwọ́ yọ kóró náà, kí wọ́n rí i bó ṣe di mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ Funtua àti Gusau ń ṣe nìyẹn kí òwú tó wọ ọkọ̀ ojú irin. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n mú èyí tó kù, kí wọ́n fà á. Yóò já wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ní mú ọwọ́ rárá. Kí wọ́n mú òmíràn, kí wọ́n máa fà á díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì máa fi ìka lọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fà á. Lójijì, yóò le. Yóò kọ̀ láti já. Ìlọ́ yẹn nìkan ni gbogbo àṣírí òwú, ohun tí ìrànwú ìyá àgbà ń ṣe náà ni ẹ̀rọ tó kún gbọ̀ngàn ń ṣe. Ìyàtọ̀ wọn kò ju pé ìyá àgbà ń ran fọ́nrán kan, ẹ̀rọ sì ń ran ọgọ́rùn-ún mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà.

Kí ó tó dé ibi ìlọ́, ẹ̀rọ kan ti tú ìdì òwú, ó ti gbọn ìdọ̀tí àti ewé gbígbẹ kúrò nínú rẹ̀. Òmíràn tó ní irin wẹ́wẹ́ bí eyín òòyà ti yà á bí ẹni ya irun, títí ó fi di okùn rírọ̀ tó nípọn bí àtàǹpàkò. Wọ́n a kó okùn bíi mẹ́fà tàbí mẹ́jọ pọ̀, wọ́n a fà wọ́n gùn di ọ̀kan ṣoṣo, kí ibi tó nípọn lè ran ibi tó tín-ín-rín lọ́wọ́. Èyí tó bá sì máa na tàntàn lórí òfì gbọ́dọ̀ mu sítáàṣì ná, nítorí ọ̀kọ̀ ń gba àárín rẹ̀ kọjá léraléra láàárín ìṣẹ́jú kan, bí kò bá sì ní èèpo lára, yóò họ.

Ohun kan wà tí ìwé kì í sábà sọ. Ọ̀tá òwú ni ọyẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, òwú a máa já ṣáá, Kàdúná sì mọ ọyẹ́ dáadáa. Nítorí ìdí èyí, omi ni wọ́n máa ń fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú gbọ̀ngàn, tó jẹ́ pé ní oṣù Kejìlá, tí ètè gbogbo ará ìlú ń sán, inú ilé-iṣẹ́ tutù rinrin. Ẹ kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé-iṣẹ́ náà sẹ́bàá odò. Òwú wà ní Zaria, Funtua, Malumfashi àti Gusau. Ojú irin Èkó sí Kánò gba Kàdúná kọjá, ti Port Harcourt náà wá pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Olú-ìlú Ẹkùn Àríwá sì ni, níbi tí Ahmadu Bello ti ń ṣe ìjọba tí ó sì ń wá iṣẹ́ fún àwọn ènìyàn rẹ̀.

Ẹ má fi ẹ̀gbọ̀n òwú tí Ọmọ Kakuri ń gbọ́n kúrò lára bàbá wọn ṣe eré. Eruku yẹn ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Àìsàn kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìrànwú ní gbogbo ayé mọ̀: tí ènìyàn bá sinmi ní òpin ọ̀sẹ̀, tó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé, àyà á há mọ́ ọn, yóò sì rọjú bó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ní ti ohun tó pa á, n kò fara mọ́ àwọn tí ń ka gbogbo ẹ̀bi sí Ṣáínà lọ́rùn. Láti ọdún 1986 tí ìjọba ti jẹ́ kí náírà já wálẹ̀ ni ẹ̀yà ẹ̀rọ ti di ọ̀wọ́n, ẹ̀rọ tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ sì ni wọ́n ń lẹ̀. Iná mànàmáná kò dúró, bẹ́ẹ̀ ni òfì tí iná bá kú mọ́ lórí máa ń fi àbùkù sílẹ̀ lára aṣọ. Epo dúdú tí wọ́n fi ń dá iná sábẹ́ bọ́ílà wọ́n, ó sì tún ń ṣọ̀wọ́n, bí ilé ìfọpo tilẹ̀ wà nínú ìlú kan náà. Orí èyí ni àǹkàrá tí wọ́n ń kó gba ẹnubodè wọlé wá bá a, tí àwọn kan nínú rẹ̀ tilẹ̀ ru orúkọ àwọn ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà létí, pẹ̀lú àkọlé pé Nàìjíríà ni wọ́n ti ṣe é. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2005, àdéhùn àgbáyé tó ń díwọ̀n aṣọ tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lè kó lọ tà kásẹ̀ nílẹ̀. UNTL (United Nigerian Textiles), ilé-iṣẹ́ aṣọ Kàdúná tí àwọn ará Hong Kong dá sílẹ̀ ní àárín àwọn ọdún 1960, tí ó tóbi jù nínú wọn, ti ilẹ̀kùn ní ọdún 2007. Wọ́n tún un ṣí ní ọdún 2010, ṣùgbọ́n kò padà di èyí tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ bá lè lọ ní oṣù Kọkànlá, ìgbà ìkórè òwú ni.

Òbí Lugbe fèsì:

Olùkọ́ wa, ẹ má bínú pé mo fẹ́ da omi sí i díẹ̀. Ọmọ mi wà ní JSS 2 níbòmíràn, n kò sì ní fọwọ́ sí kí ó gba ọ̀nà mọ́tò lọ sí Kàdúná. Ọkọ̀ ojú irin ni mo lè gbà fún, àní bí mo ṣe rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022, tí àwọn agbébọn kọlu ọkọ̀ náà, tí kò fi rìn mọ́ títí di oṣù Kejìlá. Kí ẹ wọ ti àárọ̀ ní Kubwa, kí ẹ sì wọ ti ọ̀sán padà. Rigasa ni yóò já yín sí, Kakuri sì wà ní òdìkejì odò. Ẹ ti gba bọ́ọ̀sì sílẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, nítorí ẹ kò lè máa to ọmọ méjìlélógójì sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Ẹ béèrè ọmọ tó ní ikọ́ fée. Ilé tó ti wà ní títì fún ogún ọdún ń gba ejò lálejò, kí ẹnikẹ́ni má wọ inú koríko. Bí àkókò bá kù, Arewa House, tí Ahmadu Bello gbé nígbà ayé rẹ̀, wà ní Kàdúná níbẹ̀; ẹ lè ya ibẹ̀.

Olùkọ́ Kubwa padà wá:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Bàbá, mo gbọ́ ti Kofar Mata. Mo ti bẹ ọ̀gá wa fún ọdún tó ń bọ̀, wọn kò tíì sọ pé rárá.

Mo wá òwú oníkóró káàkiri ọjà Kubwa. Ilé ìtajà oògùn mẹ́ta gbé òwú funfun tí wọ́n fi ń nu egbò fún mi. Ọ̀dọ̀ ìyá elégbòogi kan ni mo ti rí i níkẹyìn, wọ́n sì béèrè ohun tó ń ṣe mí kí wọ́n tó tà á. Ọjọ́bọ̀ ni a ṣe é nínú kíláàsì. Àwọn ọmọkùnrin fi agbára fà á, ó ń já mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n ń pariwo pé òwú náà ti bàjẹ́. Ọmọbìnrin tó béèrè ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn kò sọ̀rọ̀. Ó ń lọ́ tirẹ̀ lórí itan, díẹ̀díẹ̀, títí tó fi gùn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ó wá fi so bàtà rẹ̀ tó já. Mo pe ọ̀gá wa wá wò ó. Wọ́n wo bàtà náà títí, wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà sí àwọn òbí, kí n sì jẹ́ kí àwọn rí i kó tó jáde.

Ó ku ẹni tí yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Ọmọ Kakuri, mo mọ̀ pé ohun tí mo fẹ́ béèrè wúwo, nítorí owó tí wọ́n jẹ bàbá. Ṣé wọn yóò gbà?

Ọmọ Kakuri fèsì:

Mo ti bi wọ́n léèrè lánàá. Wọ́n kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n wá ní ṣé àwọn ọmọ náà mọ ohun tí ń jẹ́ ọ̀kọ̀. Mo ní wọ́n máa mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó dé. Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì gbé ọ̀kan jáde láti abẹ́ ibùsùn, èyí tí n kò mọ̀ rí pé ó wà nílé: igi tó ti dán nítorí ọwọ́, irin ṣóńṣó lórí rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n ní àwọn yóò mú un lọ́wọ́ wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n jókòó sí apá òsì wọn, kí wọ́n sì kọjú sí wọn bí wọ́n bá ń béèrè ọ̀rọ̀. Etí ọ̀tún kò gbọ́ nǹkan mọ́.